Ìpín Ẹni Tí Kò Tíì Dé

Ìyá mi kì í ka orí kó tó bẹ iṣu. Ilé wa ní Ìlẹ̀ṣà kún dáadáa: bàbá mi, ìyá mi, Yèyé tó bí bàbá mi, àwa ọmọ, àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sílé ìwé. Síbẹ̀, bí ìyá mi bá ti bẹ èyí tó tó wa tán, yóò tún mú iṣu mìíràn, yóò gé e sí i. Bí Yèyé bá bi í pé ta ló ni ti ẹ̀yìn yẹn, èsì kan náà ló máa ń fọ̀: "Ẹni tí kò tíì dé ni, Yèyé." Yèyé kò ní béèrè mọ́.

Ẹ má rò pé olówó ni wá o. Òṣómàáló ni bàbá mi. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ iṣẹ́ náà mọ́. Àwọn Ìjẹ̀ṣà a máa ra aṣọ lọ́pọ̀, wọn a gbé e lọ sí ìlú onílùú, wọn a tà á láwìn fún àgbẹ̀ àti ọlọ́jà, wọn a sì padà lọ gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá rí owó rẹ̀ gbà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní jókòó, kò sì ní lọ, títí owó yóò fi jáde. Ọ̀fà, Ìkàrẹ́, abúlé inú igbó ní apá Oǹdó, bàbá mi rìn wọ́n já. Ó lè lo oṣù gbáko lẹ́yìn odi kó tó wálé. Ta wá ni ń fún un lóúnjẹ ní gbogbo àkókò yẹn? Ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, onígbèsè tó lóṣòó tì gan-an ni.

Bàbá mi a máa sọ ìtàn ọkùnrin kan ní ẹ̀gbẹ́ Ìkàrẹ́ tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ fún ìgbà pípẹ́. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà láti àárọ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ìyàwó onígbèsè gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ jáde, ó kúnlẹ̀, ó gbé e ka iwájú àlejò. Bàbá jókòó, ó jẹun, ó dúpẹ́, ó sì kọrí sí ilé tó wọ̀ sí. Ó di ọjọ́ kejì kó tó padà wá lóṣòó. Àwa ọmọ bi í pé kí ló dé tí kò béèrè owó rẹ̀ lẹ́yìn tó jẹun tán. Ó ní ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán ènìyàn kò gbọdọ̀ bú onítọ̀hún lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ yẹn kò pa gbèsè rẹ́, kò sì yẹ kó pa á rẹ́. Ó kàn fún àwọn méjèèjì ní ọjọ́ kan tí wọn kò fi bá ara wọn jà ni. Bàbá ní àwọn kan nínú ẹgbẹ́ òun kì í fẹnu kan oúnjẹ onígbèsè rárá, torí wọ́n mọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú iyán náà.

Ibẹ̀ ni ìyá mi ti mú ìgbàgbọ́ rẹ̀. Bí ìpín àlejò bá wà nínú ìkòkò òun ní Ìlẹ̀ṣà, ìpín ọkọ òun kò ní ṣàì wà nínú ìkòkò ẹlòmíì níbi tó bá wà. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin tó ń bọ́ bàbá mi ní Ìkàrẹ́ kò mọ ìyá mi rí, ọmọ onígi ìdáná kan tí ìyá mi máa ń bu ìpín àlejò yẹn fún kò sì dé Ìkàrẹ́ rí. Ẹni tó bá jẹ níhìn-ín kọ́ ni yóò san án padà. Ẹlòmíì ni yóò san án, fún ẹlòmíì, níbòmíì. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ nípa ìfẹ́ ọmọnìkejì láyé mi, mi ò tíì gbọ́ èyí tó yé mi tó ti iṣu àlékún yẹn.

Iyán fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn fara pa mọ́. Ẹni tó ń gún iyán ti kéde. Ìró odó á ti ilé dé ilé, aládùúgbò á mọ̀ pé oúnjẹ ti fẹ́ délẹ̀ nílé lágbájá, ẹni tí ebi ń pa lè rọra mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́nà ibẹ̀. Bó bá dé bá yín lórí oúnjẹ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ pé, "Ẹ wá jẹun." Òun náà yóò dáhùn pé, "Á gba ibi ire." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá pè é, ìkíni ni, bí a bá pè é lẹ́ẹ̀kejì tí a sì sún àpótí fún un, a ti fi dá a lójú nìyẹn, á sì fọwọ́. Ọmọ tó bá jókòó ti oúnjẹ tí kò pe ẹni tó wọlé, ó di kó gbọ́ ọ títí alẹ́. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ní ó máa ń tẹ́ àkísà sábẹ́ odó kí ìró má baà jáde. Ìyá Alákìísà ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jogún orúkọ náà.

Nígbà tó bá di oṣù Òkúdù sí Agẹmọ, odó a dákẹ́ fúnra rẹ̀. Iṣu àtijọ́ ti tán nínú àká, tuntun kò tíì gbó. Ẹbà, ẹ̀kọ àti àgbàdo tútù la fi ń gbé e. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fẹnu kan iṣu tuntun kí àwọn àgbà tó ṣe ètò rẹ̀, kódà bí àgbẹ̀ bá ti rí i pé tòun ti ta dáadáa. Onígbàgbọ́ ni bàbá mi, kì í bá wọn dé ìdí òrìṣà, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé òfin yẹn lọ́gbọ́n nínú: iṣu tí a bá wà kó tó gbó, omi ló kún inú rẹ̀, kì í ṣe é tọ́jú, ẹni tó sì tètè wà á ti jẹ irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọn. Ebi á máa pa gbogbo ìlú pọ̀, wọn á sì jọ yó lọ́jọ́ kan náà.

Bí a bá ń sọ nípa ilé ìdáná, irú ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò nímú mi. Ìyá mi kì í ra irú. Yóò se èso igbá láti alẹ́ mọ́jú, nítorí èèpo rẹ̀ le bí òkúta. Ilẹ̀ á mọ́, yóò fi eérú gún un díẹ̀ kí èèpo lè ṣí, àwa ọmọ á gbé e lọ sódò láti fọ̀ ọ́. A ó tún sè é lẹ́ẹ̀kejì, a ó dà á sínú agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí, a ó bò ó mọ́lẹ̀ sí kọ̀rọ̀ tó móoru, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí i wò títí yóò fi fà. Gbogbo làálàá yìí nítorí ohun tó jẹ́ pé ẹ̀kúnwọ́ kékeré ló máa bọ́ sínú ọbẹ̀! Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé kò rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní ẹran máa ń tán, a kì í sì í rí i ní gbogbo ọjọ́, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí irú wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí tálákà mọ̀ pé òun ò jẹ ẹran. Ẹ̀kọ́ ìdáná tó ga jù tí mo kọ́ nìyẹn: kí ohun tí kò tó lè dùn.

Bí a ṣe ń jẹun náà lófin. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan. A kì í jẹun lórí ìnàró, a kì í jẹun lẹ́nu ọ̀nà. A kì í fi ìgbákọ tọ́ ọbẹ̀ wò. Àtẹ́lẹwọ́ la ń kán an sí. A kì í wo ẹnu ẹni tó ń jẹun. Bí a bá jẹ́ àlejò nílé onílé, a kì í fojú wá inú àwo kiri, a kì í sọ pé ọbẹ̀ kò níyọ̀, a kì í sì í jẹ ẹran tán. Bàbá mi tẹnu mọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn, torí ó mọ ohun tó rí nínú ìrìn àjò rẹ̀: ẹran tí àlejò bá fi sílẹ̀ ni àwọn ọmọ onílé ń dúró dè lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní òun máa ń gbọ́ mímí wọn.

Kò sí èébú tó burú tó wọ̀bìà nílé wa. Wọ́n lè pe ọmọ ní ọ̀lẹ, yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bá pè ní wọ̀bìà á sunkún. Àlọ́ tí Yèyé ń pa fún wa lálẹ́, ìdajì wọn ló jẹ́ ti ẹnu Ìjàpá. Ẹ rántí ti àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo kó lè lóyún, tí wọ́n sì kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Òórùn rẹ̀ borí ìkìlọ̀, ó jẹ ẹ́ tán lọ́nà, ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àwa ọmọ á rẹ́rìn-ín títí a ó fi ṣubú. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo rí i pé Ìjàpá kò jẹ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ìtàn yẹn. Ìpín ẹlòmíì ló jẹ. Ohun tí wọ́n ń bá wí lára wọ̀bìà gan-an nìyẹn, kì í ṣe bí ikùn ṣe fẹ̀ tó. Mo mọ àwọn alágbàro tó lè jẹ odidi odó iyán, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní wọ̀bìà rí.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ bá àwọn òbí wa jà rèé, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n. Ọmọ ni wọ́n da gbogbo ẹ̀kọ́ yìí lé lórí. Bí wọ́n bá pa adìyẹ, ìwe rẹ̀ di ti bàbá, itan di ti àwọn àgbà ọkùnrin, ìyá á mú ẹ̀yìn, ọmọ á sì máa bá ẹsẹ̀ àti ọrùn jà. Ẹran ọmọdé nínú ọbẹ̀ kò tó èékánná. Wọ́n ní bí ẹran bá dùn mọ́ ọmọ lẹ́nu jù, yóò máa jalè láti rí i jẹ. Ẹyin ni wọ́n wá kà léèwọ̀ jù lọ: ọmọ tó bá jẹ ẹyin, olè ni yóò dà. Àgbà tó ń sọ̀rọ̀ yìí lè ní ẹyin lẹ́nu bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn baba ńlá wa kò ṣàì mọ̀ pé àgbà náà lè jẹ́ ọ̀kánjúwà. Àwọn kan náà ló ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Wọ́n ní in lẹ́nu, wọn kò ṣe é nídìí àwo. Ìyá mi tó ń dá iṣu sí fún ẹni tí kò mọ̀ rí, òun kan náà ló ń gbá ọwọ́ àbúrò mi kúrò lórí ẹran. Ohùn méjèèjì ti ẹnu kan náà jáde, kò sì rí i pé wọ́n ń ta ko ara wọn.

Àbúrò mi ọkùnrin ló já òfin yẹn. Nígbà tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ọ̀gì nìkan ló ń mu, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Irun rẹ̀ pọ́n, ó fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ bò, kì í ṣeré mọ́, kì í sì í sunkún dáadáa. Wọ́n ṣe àgbo, wọ́n ṣe àgúnmu. Ní àsẹ̀yìnwá, ìyá mi pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild.

Ọjọ́ orí mi kò tíì pọ̀ nígbà náà, ilé ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1955 ni mo ń lọ, ṣùgbọ́n mo ti lè ru ẹrù tẹ̀ lé ìyá mi. Ìgbà yẹn ni dókítà òyìnbó kan tí ń jẹ́ David Morley wà ní ilé ìwòsàn náà ní Ìlẹ̀ṣà. Ó dé ní 1956, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1961. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ ohun tó ń ṣe wọ́n sílẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni káàdì kan ti jáde tí ìyá ọmọ ń gbé lọ sílé nínú ọ̀rá. Ìlà méjì wà lórí rẹ̀, nọ́ọ̀sì á sì máa fi àmì bí ọmọ ṣe tẹ̀wọ̀n tó sí i loṣooṣù. Ìyá tí kò kàwé lè fojú ara rẹ̀ rí i bóyá ọmọ ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Káàdì yẹn lọ yí ayé ká lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé e káàkiri Áfíríkà àti Éṣíà kò mọ̀ pé àárín àwa Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwa náà kì í sì í fi yangàn tó.

Nọ́ọ̀sì tó gba àbúrò mi lọ́wọ́ ìyá mi, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Kò bú ìyá mi. Ó ní ọ̀gì nìkan kò lè gbé ọmọ dìde, ó ní kó máa po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn, kó máa lọ ẹ̀wà fún un láìsí èèpo, kó sì máa fún un ní ẹyin. Ìyá mi gbọ́ ẹ̀pà, ó gbọ́ ẹ̀wà. Nígbà tó gbọ́ ẹyin, ó wo ilẹ̀.

Ẹyin kò wọ́n wa. Adìyẹ ń yé káàkiri àgbàlá. Yèyé ni ìṣòro. Kí ìyàwó ilé máa fi ẹyin bọ́ ọmọ lójú ìyá ọkọ, ìjà ńlá ni. Mo rí i bí ìyá mi ṣe jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó di àárọ̀, ó se ẹyin kan, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó pò ó mọ́ ọ̀gì, ó gbé e lọ síwájú Yèyé, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Yèyé, àsèjẹ tí wọ́n fún ọmọ ní ọsibítù rèé. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ta á nù." Yèyé wo inú abọ́ náà pẹ́. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ó rí ẹyin. Ó ní, "Bó bá jẹ́ oògùn ni, kó mu ún tán." Látìgbà náà ni àsèjẹ ti ń wọ ilé wa lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, àwa yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn tó nílò oògùn yẹn.

Àbúrò mi ti di bàbá àgbà báyìí. Kò jalè rí.

Mo máa ń rò ó pé ta ló gbọ́n jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ọ̀sì, ìyá mi, tàbí Yèyé. Ẹ̀mí mi máa ń fà sọ́dọ̀ Yèyé. Nọ́ọ̀sì ní ìmọ̀, ìyá mi ní ọgbọ́n àtisọ, ṣùgbọ́n Yèyé ló ní agbára láti kọ̀, kò sì kọ̀. Ó jẹ́ kí èèwọ̀ tó ti bá dàgbà kọjá lára rẹ̀ nítorí ọmọ tó ń kú lọ.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń dárò pé àwọn ọmọ òde òní kì í jọ jẹun nínú àwo kan ṣoṣo mọ́, èmi kì í bá wọn dárò pátápátá. Mo rántí àwo yẹn. A ó yí i ká, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi tí ọ̀fun rẹ̀ sì gba ooru ni yóò yó. Èyí tó kéré jù á ṣì máa fẹ́ òkèlè rẹ̀ kó tutù nígbà tí àwo ti mọ́. Àjọjẹ dùn fún alágbára. Fún àwọn ọmọ, mo fara mọ́ kí oníkálukú ní abọ́ tirẹ̀, kí ìyá lè rí ohun tó wọ ikùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a sọ nù gan-an ni pípe ẹni tó wọlé pé kó wá jẹun. A lè ní abọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì ní ọ̀kan sí i lórí pẹpẹ fún un.

Ìbàdàn ni mo bá ọkọ mi lọ, níbẹ̀ ni mo sì ti ta oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́bàá ibùdókọ̀ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò pọ́n-ùn, ní 1973. Ìjẹ̀ṣà tó bá fẹ́ tajà fún ará Ìbàdàn gbọ́dọ̀ gbàgbé odó kó di orógùn mú. Mo kọ́ bí a ti ń ro àmàlà tí kò ní kókó, mo kọ́ gbẹ̀gìrì, mo kọ́ bí a ti ń fi ìjábẹ̀ ja ewédú. Ẹ má dá àwọn tó ní àwọn olóúnjẹ ń lo oògùn fàmọ́ra lóhùn. Oògùn tí mo lò ni kí n máa jẹ nínú ìkòkò tí mo ń tà, níṣojú oníbàárà. Ẹni tó bá ta oúnjẹ tí òun àti ọmọ rẹ̀ kò lè jẹ, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta májèlé. Ìyàtọ̀ wọn kò ju kí oúnjẹ pẹ́ díẹ̀ kó tó pa ènìyàn lọ.

Ọbẹ̀ àná ń kọ́? Ìbéèrè tí gbogbo olóúnjẹ ń bá sùn nìyẹn. Mo máa ń gbé e kaná lálẹ́ kó hó, mo sì tún ń gbé e kaná láàárọ̀, ṣùgbọ́n mi ò kì í da tòní lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ tàná, mo máa sọ fún un pé tàná ni, mo sì máa fi èènì sí i. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó ti wọra. Ìdájọ́ mi lórí rẹ̀ ni pé ẹni tó ń jẹun ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń jẹ. Bó bá ti mọ̀, ikùn rẹ̀ ni, owó rẹ̀ sì ni.

Àwọn alábàárù máa ń wá lọ́sàn-án, òógùn á ti bò wọ́n. Owó wọn kò tó ẹran. Wọn á ra àmàlà, wọn á sì sọ pẹ̀lẹ́ pé kí n bá àwọn fi omi ọbẹ̀ sí i. Mo ní ìgbákọ kan fún wọn tó máa ń wọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, níbi tí fùkù àti ṣàkì wẹ́wẹ́ máa ń rì sí. Àwọn ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ mọ ìgbákọ náà, a kì í dárúkọ rẹ̀. Bí a bá fún ènìyàn lóúnjẹ tí a sì pariwo rẹ̀, a ti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní ti àwìn, èédú ni mo fi ń kọ ọ́ sára ògiri. Àwọn awakọ̀ tó ń jẹ bọ̀kọ́tọ̀ láwìn, mo lóṣòó tì wọ́n, ọmọ bàbá mi ni mí. Àwọn tó jẹ omi ọbẹ̀ láwìn, òjò ló bá mi nu tiwọn kúrò.

Nígbà tí owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, dé ní 1975, gbogbo ènìyàn fẹ́ jẹ ìrẹsì àti adìyẹ; ìrẹsì tí a ń dúró de Kérésìmesì kó tó hó nílé wa di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ọdún tó tẹ̀lé e, ìjọba ní kí oníkálukú gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Mo gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Òun ló sì kù fún mi títí dòní nínú gbogbo ètò ìjọba lórí oúnjẹ.

Ohun tí mo ń rí báyìí kò jẹ́ kí n dákẹ́. Àwọn olóúnjẹ àti ọlọ́jà kan ń fi oògùn orí fífọ́ se ẹran kó lè tètè rọ̀. Wọ́n ń fi káábáídì pọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń fi táyà sun pọ̀nmọ́. Wọ́n ń da oògùn apakòkòrò sórí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, wọ́n sì ń tà á fún ẹni tó ní ọmọ nílé. Àjọ NAFDAC tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ti kìlọ̀ títí. Owó epo ìdáná wọ́n, mo mọ̀; ọjà kò tà bíi ti àtẹ̀yìnwá, mo mọ̀. Ọlọ́jà tó wà nínú ìnira nígbà tiwa máa ń dín òkèlè kù ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀, a sì ń bú wọn, ṣùgbọ́n òkèlè kékeré kò ba ẹ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ní ti àríyá, mi ò ní sọ púpọ̀. Mo ti rí i níbi ìnáwó tí wọ́n ti ń da ìrẹsì sínú àpò ìdọ̀tí nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń fi kóbókò lé àwọn ọmọ tó ń wo inú. Ìyá mi ìbá ti dìde kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń se oúnjẹ tà, ẹ má fi ohunkóhun tí ẹ kò ní fún ọmọ yín jẹ sínú ìkòkò aráyé. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, àti ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ti ń dáná báyìí, tí inú mi sì dùn sí yín, ẹ bu tọmọdé kí ẹ tó bu ti bàbá, kí ẹran tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹran gidi. Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè.